Bọ́dà Ni Wọ́n Ní Ó Fà Á

"Tí ibẹ̀ bá wá dára tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Àǹtí Àṣíáwù, àbúrò ìyá mi, ló béèrè. Kò gbójú sókè bó ṣe ń béèrè. Ẹja ló ń yọ egungun lára rẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀ ilé wa ní Ìlaròó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Màámi ń wo Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà, Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, èmi ń wo àwọn méjèèjì. Mo dúró kí ẹnì kan dáhùn. Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà kàn na fóònù náà sí Màámi, ó ní:

"Ẹ wo ibi tí wọ́n lẹ táìsì dé nínú kíṣìnì, ẹ̀gbọ́n mi. Títí dé òkè."

Màámi wò ó, ó mi orí. "Ó dára o. Ó dára gan-an ni."

Bí ìbéèrè náà ṣe rá mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ilé oní-fúláàtì mẹ́rin ni wọ́n ń wò nínú fóònù. Ó wà ní àdúgbò titun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìhunbọ, lọ́nà Ìdí-Ìrókò. Àwọn tó ta ilẹ̀ ibẹ̀ sọ ọ́ ní Kútọnu Tuntun, torí wọ́n ní àwọn oníṣòwò tó ń ná Kútọnu ni yóò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Alfred ni orúkọ ẹni tó kọ́ ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ti kó lọ sí Kútọnu gidi, ó sì fẹ́ ta ilé náà ní ìdajì ohun tí irú rẹ̀ ń lọ. Màámi fẹ́ rà á. Kó tó lè rà á, yóò ta ilé tí a jókòó sí yìí, ilé tí wọ́n bí mi sí. A ó máa gbé nínú fúláàtì kan níbẹ̀, àwọn ayálégbé yóò gba mẹ́ta yòókù. Ẹni tó fẹ́ ra ilé wa ti ṣe tán. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà yóò jókòó, Màámi yóò tẹ̀ka sí ìwé méjèèjì lójókòó kan náà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Màámi ni, ṣùgbọ́n Màámi jù ú lọ. Ajẹ́ńtì ilé àti ilẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kún, bàtà rẹ̀ ń dán, tó bá sì sọ pé òjò máa rọ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbòjò láàárín ọyẹ́. Kì í ṣe ẹni tí ìlú mọ̀ sí òpùrọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Òpùrọ́ tí èèyàn mọ̀, èèyàn á ṣọ́ra fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́kọ́ fọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ kó tó wá fi tìẹ balẹ̀, níbo lo máa gbà mú un?

Láti oṣù Ògún ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ti bọ́dà. Màámi, tó ti ń ta ìrẹsì nínú ọjà Ṣayédẹ̀rọ̀ kí wọ́n tó bí mi, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹrù rẹ̀ ìkẹyìn há sí òdìkejì, kò rí i gbà padà títí di òní. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo omi nínú ike tó ń jò.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yewa ló ti ní ìdí kan ṣoṣo. Adìyẹ ò yé, bọ́dà ni. Iná ò dé, bọ́dà ni. Aládùúgbò wa kan kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó wá ṣìpẹ̀ mi orí, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká fi sùúrù sí i, ṣé ẹ mọ̀ pé bọ́dà ti wà ní títì. Mi ò sọ pé bọ́dà ò ṣe wá ní nǹkan o. Ó ṣe wá. Ó sọ ìyá mi di ẹni tó ń jókòó sílé lọ́jọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ṣe wá ní ohun púpọ̀, a gbà pé òun ló ṣe wá ní gbogbo nǹkan, àwọn tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi wá jẹun. Sọ "bọ́dà" lẹ́ẹ̀kan péré, èèyàn ò tún ní bi ọ́ ní ìbéèrè kejì mọ́.

Èmi béèrè ìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "Àǹtí bi yín ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Ó gbé fóònù sápò, ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó já wọ ìpàdé àgbà. "Husain, ìlú wo lò ń gbé gan-an? Àwọn ayálégbé ti kún ibẹ̀ rí. Bọ́dà ló lé wọn."

"Ìgbà wo ni wọ́n kó lọ?"

"Oṣù Ọ̀wàrà."

"Oṣù Ògún ni wọ́n ti bọ́dà."

"Wọ́n kọ́kọ́ ń retí pé wọ́n máa ṣí i ni."

"Gbogbo wọn? Gbogbo wọn jọ ń retí, gbogbo wọn sì jọ sọ̀rètí nù lóṣù kan náà?"

"Bóyá wọ́n ṣèpàdé lé e lórí," Àǹtí Àṣíáwù ní, ó sì fi ẹja sẹ́nu.

Màámi ò rẹ́rìn-ín. "Husain, ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá yẹn o."

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ní. "Yunifásítì ló ṣe é. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan, wọn ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ní in. Ìṣirò lo kà, àbí? Ó dáa. Ṣírò èyí fún mi: nígbà tí wọ́n bá ṣí bọ́dà, ṣé ilé yẹn máa gbówó lórí ni àbí kò ní gbówó lórí?"

"Ó lè gbówó lórí, tó bá jẹ́ bọ́dà ló…"

"Ó tán!" Ó dìde, ó gbọn agbádá. "Ó ti dáhùn. Ẹ ò rí i pé ọmọ yín gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ọkàn gbogbo ayé balẹ̀, iye tí gbogbo ayé ń rà á ló máa rà á. Ìsinsìnyí tí ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Sàvà?"

"Sàvà," Màámi dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Faransé ọjà Kútọnu tó kù lẹ́nu wọn nìyẹn: ṣé ó dáa, ó dáa.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí nǹkan kan bá ti rú mi lójú, mi ò lè jókòó, mi ò lè jẹun dáadáa. Màá máa yí i po bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn sí. Àlàyé Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ba gbogbo nǹkan mu, ohun tí mi ò sì fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn. Ká ní àwọn ayálégbé náà lọ lóṣù Ògún, á ní ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ká ní wọ́n lọ lóṣù Ọ̀pẹ, á ní sùúrù wọn ló pẹ́. Àlàyé tí kò sí ohun tó lè já a nírọ́, kì í ṣàlàyé nǹkan kan.

Mo pe Málọmọ́, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní Ìmẹ̀kọ. Ìmẹ̀kọ tí mò ń wí yìí, téèyàn bá sín níbẹ̀, ará òdìkejì bọ́dà á ní pẹ̀lẹ́. Mo bi í pé ṣé ilé ṣófo lọ́dọ̀ wọn.

"Ilé ṣófo?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú mi. "Yàrá kan ni mò ń wá láti ìgbà tí a ti wọlé ìwé! Onílé tí mo lọ bá lánàá ní kí n kọ́kọ́ wá sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́."

"Ṣé bọ́dà ò lé àwọn èèyàn ni?"

"Ó lé àwọn onífàyàwọ́. Tíṣà ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Àgbẹ̀ ńkọ́? Ṣé bọ́dà là ń sùn lé ni?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Màámi nídìí ààrò ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní bí oòrùn bá ràn sí gbogbo oko, tó sì jẹ́ ẹ̀gẹ́ oko kan ṣoṣo ló kú, ṣé oòrùn lèèyàn máa bi, àbí oko yẹn? Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Ó ro ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ìmẹ̀kọ nìyẹn. Ìhunbọ nìyí."

"Màámi, kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Husain, ta ló kọ́ ilé tí a wà yìí?"

Mo mọ ìtàn náà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn sójà ti bọ́dà yìí kan náà kí wọ́n tó bí mi, oníṣòwò kan ló ni ilé wa. Ẹ̀rù bà á. Ó ní ayé ti parí, kò sí ẹni tó máa ná Ìdí-Ìrókò mọ́ láéláé. Ìyá ìyá mi, Àṣìkẹ́, tó ń ta gaàrí, lọ kó ohun tó ní jọ, ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń sunkún bó ṣe ń gbé àpótí jáde. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, ó padà wá, ó dúró lódìkejì títì, ó ń wo ilé náà, ìyá àgbà sì ní kí wọ́n gbé omi fún un mu. Omi yẹn ni Màámi máa ń fi parí ìtàn náà nígbà gbogbo. Ó máa ń ní, "Ẹ̀rù ẹlòmíràn ni ìyá mi fi dolówó."

Kí ni mo fẹ́ wí sí ìyẹn? Òótọ́ ni, inú òótọ́ náà la sì ń sùn. Ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú pé àwọn tó borí nìkan ló ń ní ìtàn. Àwọn tó ra ilé nígbà yẹn tí ilé náà jẹ wọ́n gbé, wọn ò pe ọmọ wọn jókòó sídìí ààrò láti sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ ni. Nítorí náà ẹni kan ṣoṣo la gbọ́ tirẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá gbójúgbóyà ló máa ń borí.

"Ìyá àgbà mọ ilé tó rà," mo ní. "Nínú rẹ̀ ló ti gba yàrá kó tó rà á."

"Èmi náà ti lọ wo tèmi."

"Ìgbà mélòó lẹ ti wà níbẹ̀ ju ìgbà téèyàn fi ń mu omi lọ?"

Ó ju ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó máa na mí ni. Ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, ó sì dùn mí ju pàṣán lọ.

"Tí mo bá kọjá nínú ọjà báyìí, wọ́n á ní, 'Ìyá Husain, ẹ mà kú ìrọ́jú.' Ìrọ́jú, Husain! Àwọn tí wọ́n ń to sílé mi ní ìdájí kí n lè fún wọn lẹ́rù. Tí mo bá jókòó ti ohun tó kù yìí, ẹnu ló máa bá a lọ, díẹ̀díẹ̀, títí màá fi di ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń bọ́. Ìyá mi borí nígbà tirẹ̀. Jẹ́ kí èmi náà borí lẹ́ẹ̀kan."

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé ló fẹ́ rà. Orúkọ rẹ̀ nínú ọjà ló fẹ́ rà padà, Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rù bó ti yẹ kó bẹ̀rù. Ó ti di kánjúkánjú, ibi tí ó ti máa gbà á padà lẹ́ẹ̀kan náà ló ń wá. A sì ní ẹbí tó ń dúró sí irú ibi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò kíṣìnì.

Lọ́jọ́bọ̀, tí ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ Jímọ̀, Màámi ní òun máa lọ wo ilé náà nígbà ìkẹyìn, kí òun wọn fèrèsé fún kọ́tìnì. Mo ní mò ń tẹ̀ lé wọn.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ ran kọ́tìnì ni?" Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà bi mí.

"Jẹ́ kó wá," Àǹtí Àṣíáwù ní, ó ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. "Ẹni tó bá kàwé ló máa ń mọ ibi tí fèrèsé wà."

Ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà. Láti Ọ̀wódé ni àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù oríṣiríṣi, igi àti táyà lójú títì, wọ́n sì ń bi wá ní ohun kan náà bí ẹni pé àwọn tó ṣáájú wọn kò bi wá rí. Ilé epo ṣófo, àwọn ọmọ ń ta epo nínú ike lábẹ́ igi. Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ń tọ́ka sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń fi dúkìá hàn. "Ẹ ò rí i? Ìnira ọjọ́ díẹ̀ ni. Wọ́n á palẹ̀ gbogbo èyí mọ́. Ẹni tó bá ti nílé níbí lọ́jọ́ yẹn, ó parí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé ẹ ní ilé síbẹ̀?"

"Mo ní!" Ó yọ̀ sí ìbéèrè náà. "Ilé mi ni ìkẹta láti òkè. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà níbẹ̀. Ṣé o rò pé mo máa fa ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi tí èmi fúnra mi ò ní nǹkan sí?"

"Kí ló dé tí ẹ ò tíì kó síbẹ̀?"

Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ yẹra fún kòtò kan. "Mò ń dúró de ẹni ńlá kan kó ṣáájú ni. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi, Mẹ̀dínátù oníìrẹsì, ti kó wọ Kútọnu Tuntun, ta ni kò ní tẹ̀ lé e? Ọ̀gá kan nínú àwa onílé ti ní òun máa wá bí ẹ bá ti wá. Òmíràn ní bí ọ̀gá yẹn bá wá, òun ń bọ̀."

Mo wò ó láti ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ tó sanra nínú kọ́là funfun. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fọkàn tán ibẹ̀. Ìgboyà ara wọn ni wọ́n ń yá lò, kálukú ń tọ́ka sí ẹlòmíràn, ìyá mi sì ni wọ́n fẹ́ kó fi orí rẹ̀ wọ igbó kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ejò wà níbẹ̀. Màámi, ní tirẹ̀, tún gèlè rẹ̀ ṣe. Orí rẹ̀ wú. Wọ́n pè é ní ẹni ńlá.

"Ẹ ò wá sanwó fún ẹ̀gbọ́n mi kó wá gbé ibẹ̀?" Àǹtí Àṣíáwù bi í. "Bí àwọn olóṣèlú ṣe ń ṣe?"

"Àǹtí Àṣíáwù, ẹnu yín yìí!"

"Ẹnu mi ò nílé ní Kútọnu Tuntun. Ó lè sọ ohun tó bá wù ú."

A dé ibẹ̀. Mo ní láti sọ òótọ́: ibẹ̀ rẹwà. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, ilé mẹ́fà sì tò tẹ̀ léra wọn lẹ́bàá ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kan láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, gbogbo wọn tuntun, gbogbo wọn ní páànù pupa. Nísàlẹ̀ pátápátá, odò kékeré kan wà tí ọmọdé lè fò kọjá. Ilé tí Màámi fẹ́ rà ni ìkẹrin. Ẹyẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sí aṣọ lórí okùn, kò sí èéfín, kò sí ewúrẹ́.

Àwọ̀ wàrà ni wọ́n fi kun ara àwọn ilé náà, wọ́n sì fi ọ̀dà bíi ṣokoléètì kun ìsàlẹ̀ ògiri wọn. Màámi fọwọ́ pa tilé Alfred. "Wọ́n ṣe é dáadáa. Ọwọ́ ọmọdé ò ní hàn lára rẹ̀."

"Àwa onílé la jọ fẹnu kò sí i," Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ní. "Àwọ̀ kan náà fún gbogbo ilé, kí àdúgbò lè ní ojú kan. Ìwà ọ̀làjú ni."

Wọ́n wọlé. Mo gbọ́ tí Màámi ń ṣí ilẹ̀kùn, tó ń ti ilẹ̀kùn, tó ń sọ yàrá tó máa jẹ́ tèmi. Mo bá wọn yí po lẹ́ẹ̀kan. Mo wo òkè àjà, kò jò. Mo wo ibi tí ògiri ti pàdé ògiri, kò sán. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, omi yọ. Mi ò rí nǹkan kan. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa wá àṣìṣe kan kó má rí i, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ má gbà pé kò sí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ara mi náà. Bóyá òótọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ń sọ. Bóyá bọ́dà ni lóòótọ́. Bóyá ìyá mi ni Àṣìkẹ́, èmi sì ni ọkùnrin tó ń sunkún lẹ́bàá àpótí.

Àǹtí Àṣíáwù ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ìbòrùn fẹ́ ara rẹ̀. "Husain, agbálùmọ̀ wà lódìkejì odò yẹn. Lọ ṣa díẹ̀ fún mi wá, kí ìrìn àjò yìí lè ní èrè."

Mo fo odò náà, mo gun òkè kékeré tó wà lódìkejì. Agbálùmọ̀ ti já sílẹ̀ lóòótọ́, ó pọ́n dáadáa. Mo fi ẹyọ kan sẹ́nu, mo kó ìyókù sínú fìlà mi, mo yíjú padà sí àwọn ilé náà.

Mo gbàgbé láti jẹ èyí tó wà lẹ́nu mi.

Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí àwọn ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, bí èèyàn ṣe ń rí wọn nínú àwòrán. Ọ̀dà ṣokoléètì tó wà lára ilé òkè pátápátá kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Lára ìkejì, ó dé orúnkún. Lára ìkẹta, ilé Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà, ó dé ìbàdí. Lára èyí tí ìyá mi ń wọn kọ́tìnì sí, ó ti kọjá ìsàlẹ̀ fèrèsé. Lára ti ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá odò, ó kù díẹ̀ kó dé àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn.

Akunlé kì í kun ilé báyẹn. Ilẹ̀ ni akunlé ti ń wọn ọ̀dà lọ sókè, ibi tó bá dé lára ilé kan náà ló máa dé lára èkejì. Ilẹ̀ ibí ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ilé ń bá a sọ̀ kalẹ̀, òrùlé ń bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Orí ọ̀dà yẹn nìkan ni kò sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ tààrà láti ògiri dé ògiri, bí okùn tí bíríkìlà ta. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń wọn ara rẹ̀ báyẹn, tí kì í bìkítà ibi tí ilẹ̀ gbé ga tàbí ibi tó gbé rẹlẹ̀.

Gbogbo àwọn tó ti wá wo ibẹ̀ ló ti rí ọ̀dà yìí. Ìyá mi fọwọ́ pa á. Wọn ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n pàdé, wọ́n fẹnu kò, wọ́n jọ kùn ún lójú ọ̀sán, wọ́n sì sọ ọ́ ní ọ̀làjú.

"Màámi!" mo ké. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá síbí!"

Ó yọ jáde pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn. "Kí ló dé? Ejò ni?"

"Ẹ ṣáà wá."

Ó ń kùn bó ṣe ń bọ̀. Àǹtí Àṣíáwù tẹ̀ lé e, ó ká ìró sókè. Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ló kẹ́yìn, kò sì yára. Mo fa ìyá mi lọ́wọ́ sọdá odò, mo mú un dé abẹ́ igi, mo yí èjìká rẹ̀ sí àwọn ilé náà. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà yóò dá mi lóhùn.

Màámi wò. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá ejò. Lẹ́yìn náà ló dúró lára ilé òkè. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sókè, ó na ìka kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìka náà lọ nínú afẹ́fẹ́, láti ilé dé ilé, láì gbé e sókè, láì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí ó fi dé ti ìsàlẹ̀.

"Yéè," Àǹtí Àṣíáwù ní wẹ́rẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà ti dúró létí odò. Kò fò ó. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Màámi ò tíì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bàrúwà," ó ní, "omi oṣù Ọ̀wàrà yìí mà ga o."